Ọwọ́ tí Ọ̀gá Búrọ́ọ̀ṣì Fi Ra Ìpín

Nígbà tí ilé iṣẹ́ ọṣẹ fẹ́ kí ará ìlú wá ra ìpín nínú òwò rẹ̀, Ọ̀gá Búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n gbé iṣẹ́ pátákó ìkéde fún. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún báyìí. Pátákó mẹ́fà ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan ga ju ènìyàn lọ, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì wà lára gbogbo wọn: ẹni tó bá ra ìpín ti di ọ̀kan nínú àwọn tó ni ilé iṣẹ́. Ó fi ọ̀dà pupa kọ ọ́, ó fi dúdú yí i ká, ó sì fi òjìji sábẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan kí ó lè dà bí ẹni pé ó fẹ́ fò jáde. Nígbà tí yóò fi parí ẹ̀kẹfà, ọ̀rọ̀ náà ti wọ òun alára lára. Owó tó ti ń tù jọ láti fi ra alùpùpù, ó kó o lọ sí bánkì, ó fi ra ìpín ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, sọ ọ́ títí ó fi di ọ̀rọ̀ àwàdà nínú ilé pé nínú gbogbo ìlú, ẹni tó kọ ìkéde ni ìkéde kọ́kọ́ mú.

Orúkọ tí wọ́n ń pè é lẹ̀ mọ́ ọn nítorí búrọ́ọ̀ṣì kan tí kì í kúrò lẹ́yìn etí rẹ̀, ìbáà jẹ́ ibi ìsìnkú ló ń lọ. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni ẹ̀kẹta nínú márùn-ún tó wà lórí ìlà kan, láàárín ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́ àti onígbàjámọ̀. Yàrá kan péré ni. Ara ògiri apá òsì ló ti máa ń nu búrọ́ọ̀ṣì, ọ̀dà ọdún mọ́kàndínlógójì sì ti gbárajọ síbẹ̀ títí ó fi nípọn bí èèpo igi. Orí ìdúró ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọwọ́ òsì rẹ̀ a di ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan mú, tí a fi aṣọ wé lórí, orí ọ̀pá náà a sì fara ti pátákó. Ọwọ́ ọ̀tún a gùn ún, búrọ́ọ̀ṣì a sì máa rìn. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé àga fún un, yóò ní kí wọ́n gbé e padà, pé bí akọ̀wé bá jókòó, lẹ́tà náà yóò jókòó.

Ohun tí àwọn oníbàárà fẹ́ràn nínú iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kì í kọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́tà “A” tí ó kọ lọ́dún yìí, ẹ kò ní í rí irú rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ó ka àṣetúnṣe sí ìwà ọ̀lẹ. Àrà náà kò sì mọ sára pátákó nìkan. Ìbuwọ́lù rẹ̀, tó máa ń fi sí igun ìsàlẹ̀ gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, a máa yí padà bí aṣọ ìgbà. Lọ́dún kan a gùn bí ejò, lọ́dún mìíràn a ká jọ bí ìgbín. Ìwé bánkì, ìwé ilé ìwé àwọn ọmọ, ìwé ìpín, ọwọ́ tó bá wù ú lọ́sẹ̀ náà ló fi ń buwọ́ lù wọ́n. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé àwọn ibì kan wà tí wọn kì í fẹ́ àrà.

Ìpín náà di ara ayé rẹ̀. Bó bá wọ ilé ìtajà, yóò lọ síbi tí wọ́n to ọṣẹ sí, yóò tún wọn tò kí ojú wọn kọ síwájú. “Ọṣẹ wa” ló ń pè é. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ra ọṣẹ mìíràn nítorí pé ó dínwó, kì í bínú, ṣùgbọ́n yóò fi omi lásán wẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Lọ́dọọdún tí wọ́n bá pe ìpàdé àwọn onípìn-ín, yóò wọ aṣọ tó dára jù, yóò jókòó ní ìlà kejì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló na ọwọ́ níbẹ̀. Àwọn ẹlòmíràn ń béèrè ìdí tí èrè fi kéré. Òun ní lẹ́tà tó wà lẹ́yìn ìwé ìṣirò ọdún náà kò dọ́gba, pé àlàfo tó wà láàárín ẹ̀kẹta àti ẹ̀kẹrin fẹ̀ jù. Alága dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ọdún kejì, àlàfo náà ti dọ́gba. Kò sẹ́ni tó lè sọ fún un pé kì í ṣe òun ló tún un ṣe.

Àbúrò rẹ̀, tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ló máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ jù. Bí wọ́n bá jọ rí ọkọ̀ ilé iṣẹ́ ọṣẹ lójú títì, yóò ní kí bọ̀dá òun dá a dúró, kó yọ táyà tirẹ̀ níbẹ̀. Alùpùpù tí kò rà náà kò yé jẹ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n a ní alùpùpù ì bá ti gbó, ó ti di irin tútù, ṣùgbọ́n ìpín ń bímọ. Òótọ́ sì ni. Ìgbà mẹ́ta ni ilé iṣẹ́ náà ti fi ìpín tuntun ta àwọn onípìn-ín lọ́rẹ. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá ó lé ogójì. Níbẹ̀rẹ̀, èrè ọdọọdún máa ń wá nínú àpòòwé. Nígbà tó yá, wọ́n ní inú bánkì ni yóò máa lọ, kí onípìn-ín kọ fọ́ọ̀mù kan. Ó kọ ọ́, ó fi ọwọ́ ọdún yẹn buwọ́ lù ú. Kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ó rò ó pé owó náà ń gbárajọ níbì kan bí omi òjò nínú àgbá, ó sì fi í sílẹ̀.

Lọ́dún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ẹni tó ni ìlà ṣọ́ọ̀bù náà kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì fẹ́ tà á. Wọ́n ṣe é bí ọmọlúàbí. Àkọ́bí wọn, obìnrin olùkọ́ kan, wá bá àwọn tó yá ṣọ́ọ̀bù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní ẹni tó bá lè ra tirẹ̀, kó mú owó wá, ó pẹ́ tán, lọ́jọ́ Ẹtì tó gbẹ̀yìn oṣù. Èyí tí wọn kò bá rà, ẹnì kan ti wà nílẹ̀ tí yóò wó o láti fi ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí. Ọ̀gá Búrọ́ọ̀ṣì ti lé ní ọmọ ọdún márùndínláàádọ́rin. Àwọn ẹlẹ́rọ tó ń tẹ ọ̀rọ̀ sára ọ̀rá ti gba èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá tún pàdánù ṣọ́ọ̀bù, kò sí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ó mú ìwé ìpín jáde nínú agolo bísíkíìtì, ó wo iye tí wọ́n ń ta ọ̀kan nínú ìwé ìròyìn, ó fi ẹfun ṣírò rẹ̀ sára ìlẹ̀kùn. Bó bá ta gbogbo rẹ̀, owó ṣọ́ọ̀bù yóò pé, díẹ̀ yóò sì ṣẹ́kù. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún ló wà nílẹ̀.

Alágbàtà ìpín tó lọ bá kò tíì tó ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó so táì, ó ní fóònù méjì, gbogbo ọkùnrin tó bá ti hu ewú ló sì ń pè ní Dádì. Ó fi han Ọ̀gá Búrọ́ọ̀ṣì lójú kọ̀ǹpútà pé ìpín náà wà, orúkọ rẹ̀ wà, ọjà náà sì dára. Ó ní kó buwọ́ lu fọ́ọ̀mù kan, pé ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n bá ti gbà á wọlé, owó yóò jáde. Ọ̀gá Búrọ́ọ̀ṣì gbé bíró sókè díẹ̀ bí ẹni tó ń wọn afẹ́fẹ́, ó sì buwọ́ lù ú lọ́nà tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà fi ní òun kò rí irú rẹ̀ rí. Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, fọ́ọ̀mù náà padà wá. Wọ́n ti fi òǹtẹ̀ pupa lù ú: ìbuwọ́lù kò bá ti inú ìwé mu.

Ó fi ọwọ́ mìíràn kọ òmíràn. Ọjọ́ kejì, ìyẹn náà padà. Alágbàtà ní ọ̀rọ̀ ti kọjá agbára òun, pé ilé iṣẹ́ kan wà lọ́tọ̀ tó ń tọ́jú ìwé àwọn onípìn-ín, àwọn ló sì ní ìbuwọ́lù tí Dádì fi ra ìpín lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Èyí tó bá yàtọ̀ sí i, wọn kò mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ní àjà kẹrin ilé gíga kan. Ó gba nọ́ńbà, ó jókòó sórí àga ọlọ́rá fún wákàtí méjì, títí tí wọ́n fi pè é síwájú gíláàsì. Obìnrin kan ló wà lẹ́yìn rẹ̀, ó fi okùn so ìgò ojú mọ́ ọrùn. Ọ̀gá Búrọ́ọ̀ṣì ní òun ni ẹni tí wọ́n ń dá fọ́ọ̀mù rẹ̀ padà, òun ló dúró yìí. Ó ti káàdì ìdánimọ̀ wọlé lábẹ́ gíláàsì. Obìnrin náà wo fọ́tò, ó wo ojú rẹ̀.

“Mo gbà pé ẹ̀yin ni, Bàbá,” ló wí. “Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú ló ra ìpín, ọwọ́ ni.”

“Ọwọ́ náà ló wà lára mi yìí, ọmọ mi.”

“Ọwọ́ tó wà nínú ìwé mi ò jọ ọ́.”

Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣáà jẹ́ kí òun fi ojú kan èyí tó wà nínú ìwé náà. Obìnrin náà ní òfin kò gbà bẹ́ẹ̀, pé bí wọ́n bá ń fi han gbogbo ẹni tó bá béèrè, kí ni wọ́n ń tọ́jú? Ó ní ọ̀nà mìíràn wà: ìwé ìbúra láti ilé ẹjọ́, ìwé ẹ̀rí láti bánkì, ẹlẹ́rìí méjì, ìkéde nínú ìwé ìròyìn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni, bí gbogbo rẹ̀ bá lọ déédéé. Ó tún kìlọ̀ fún un pé fọ́ọ̀mù méjì ti padà, bí ẹ̀kẹta bá padà, wọ́n máa ti ìpín náà pa ni, títí ìwé ìbúra yóò fi dé.

Ọ̀gá Búrọ́ọ̀ṣì ní kó tó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, mọ́tò onímọ́tò ni yóò máa sùn níbi tí òun ti ń kọ pátákó. Ó sọ ti ṣọ́ọ̀bù fún un, kò sọ ọ́ gùn. Obìnrin náà bọ́ ìgò ojú rẹ̀, ó nù ún.

“Ọdún tí ẹ rà á wà lára ìwé yín,” ló wí. “Ẹ lọ rántí bí ẹ ṣe ń sáìn lọ́dún yẹn. Èmi ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Ó délé, ó mú ìwé tí àwọn ọmọ-ọmọ gbàgbé sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í buwọ́ lù ú láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó rántí ọwọ́ tó gùn, ó rántí èyí tó ká, ó rántí èyí tó dà bí ìwọ̀ ìpẹja, ṣùgbọ́n kò mọ èyí tó ṣáájú èkejì. Ìyàwó rẹ̀ dá ẹ̀rọ ìránṣọ dúró, ó fa ìwé náà sọ́dọ̀, ó kà wọ́n.

“Ogójì ọkùnrin,” ló wí. “Gbogbo wọn ni mo fẹ́, mi ò wá mọ̀.”

Lẹ́yìn tó rẹ́rìn-ín tán ló ro ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yẹ. Ohun tí ọkọ fi ọ̀dà rántí, oyún ni ìyàwó fi ń rántí. Ó ní ọdún ìpín yẹn, òun lóyún ọmọ wọn kejì, ọkọ òun sì ń kọ pátákó kiri ìgboro nítorí owó ìbímọ. Ó ní pátákó ni kó lọ wá, kì í ṣe inú ìwé: èyíkéyìí tó bá kọ lọ́dún yẹn, igun ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò sọ òótọ́. Ó ka àwọn tó rántí: ilé oògùn kan, ilé ìwé àwọn tó ń kọ́ ọkọ̀ wíwà, ilé búrẹ́dì kan tí òórùn rẹ̀ kò jẹ́ kí òun lè kọjá ní àdúgbò náà láìbì.

Àbúrò rẹ̀ ló fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé e kiri. Ó ní òun kò tíì gbọ́ ọ rí kí èèyàn máa wá ọwọ́ ara rẹ̀ kiri ìlú bí ẹni tí ewúrẹ́ rẹ̀ sọnù. Ojú fèrèsé ni Ọ̀gá Búrọ́ọ̀ṣì ń wò. Láti ọdún mélòó kan ni kò ti rin ìgboro já, kò sì mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ ti tán lójú títì tó bẹ́ẹ̀. Ilé oògùn ti di ilé aṣọ. Ilé ìwé awakọ̀ ní pátákó ọlọ́rá tó ní àwòrán ọkọ̀ mẹ́rin. Àwọn ibẹ̀ kò mọ ohun tí wọ́n ṣe sí ti àtijọ́. Ọjọ́bọ̀ lọ, ọjọ́ Ẹtì lọ. Ìgbà méjì ni wọ́n rí pátákó rẹ̀, wọ́n sì sáré sọ̀kalẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan jẹ́ ti ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìpín, èkejì sì ti jẹrà débi pé òjò ti fọ igun rẹ̀ lọ.

Ọ̀sán Àbámẹ́ta ni wọ́n dé ilé búrẹ́dì. Ọ̀rá ló wà lókè ẹnu ọ̀nà níbẹ̀ náà. Ìyá Oníbúrẹ́dì, tó jogún ibẹ̀ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, jáde wá pẹ̀lú ìyẹ̀fun ní ìgbọ̀nwọ́. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn tán, ó ní bàbá òun kì í sọ igi nù. Ó mú wọn wọlé lọ síbi tábìlì gígùn kan tí ọkùnrin méjì ti ń gé ìyẹ̀fun pípò. Ó ní pátákó náà nìyẹn. Wọ́n da ojú rẹ̀ délẹ̀, wọ́n fi ẹsẹ̀ mẹ́rin sí i.

Wọ́n ní láti dúró kí iṣẹ́ ọjọ́ náà tó parí. Lẹ́yìn náà ni ènìyàn mẹ́rin gbé tábìlì náà dojú dé. Òòrùn kò rí i fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀dà pupa náà sì tàn bí ẹni pé àná ni wọ́n kùn ún. Ọ̀gá Búrọ́ọ̀ṣì kúnlẹ̀ síbi igun ìsàlẹ̀. Ìbuwọ́lù náà wà níbẹ̀ ketekete: lẹ́tà ńlá kan tó tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń sáré, ìrù gígùn tó yí padà wá sábẹ́ rẹ̀, àti àmì róbótó méjì tí kò ní iṣẹ́ kankan tó ń ṣe.

“Èyí mà burú o,” ló wí.

“Ọwọ́ yín ni, bọ̀dá mi,” ni àbúrò rẹ̀ wí. “Ìrù yẹn ni ì bá jẹ́ alùpùpù.”

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló fi kọ́ ọ. Lọ́jọ́ Ajé, ó tún wà níwájú gíláàsì. Obìnrin náà ti fọ́ọ̀mù kan sí i. Ọ̀gá Búrọ́ọ̀ṣì jókòó, ó tẹ orí sórí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa ìlà náà ní díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń gbé ẹyin. Kó tó dé ibi ìrù, obìnrin náà kan gíláàsì.

“Bàbá, ẹ dúró. Yíyà lẹ̀ ń yà á, ẹ ò sáìn. Ẹni tó bá ń yà á báyìí, olè la máa ń kà á sí. Ẹ wo ìlà yín bó ṣe ń gbọ̀n.” Ó fa fọ́ọ̀mù náà padà, ó fà á ya. “Mi ò tíì gbà á wọlé, kò tíì wọ iye. Ṣùgbọ́n èyí tó kàn yìí, mo máa gbà á bó ṣe rí.”

Ọ̀gá Búrọ́ọ̀ṣì gba fọ́ọ̀mù tuntun, ó wò ó, ó wo àga tó jókòó lé. Lẹ́yìn náà ló dìde. Ó yíjú sí ọkùnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ kó yá òun ní agbòjò ọwọ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà gbé e fún un láì mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ọ̀gá Búrọ́ọ̀ṣì gbé fọ́ọ̀mù náà lé ara gíláàsì, ó ní kí ọkùnrin náà bá òun fi ìka tẹ òkè rẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì di agbòjò mú, ó fi orí rẹ̀ ti gíláàsì, ó gbé ọwọ́ ọ̀tún gùn ún. Ó mí lẹ́ẹ̀kan. Bíró náà lọ, ó ṣẹ́rí padà, ó kan àmì róbótó méjì, ó sì ti parí kí ẹni tó di fọ́ọ̀mù tó mọ̀ pé ó ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì rí i láti òdìkejì, ó rí ìrù náà tó ń sáré lọ sọ́wọ́ òsì rẹ̀.

Ó gba fọ́ọ̀mù, ó wọ inú yàrá tí ìwé wà. Ọ̀gá Búrọ́ọ̀ṣì dá agbòjò padà, ó dúpẹ́, kò sì jókòó. Ó ka lẹ́tà tó wà lára ìlẹ̀kùn yàrá náà ní ìgbà mẹ́fà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọ́. Nígbà tí obìnrin náà jáde, òǹtẹ̀ tó wà lára fọ́ọ̀mù náà jẹ́ aláwọ̀ aró, kì í ṣe pupa.

“Ẹ má ṣe yí i padà mọ́,” ló wí.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n san owó ìpín náà. Iye tí wọ́n ń tà á ti wálẹ̀ díẹ̀ láti ìgbà tó ti ṣírò rẹ̀ sára ìlẹ̀kùn, alágbàtà yọ tirẹ̀, ìjọba yọ tirẹ̀, ohun tó ṣẹ́kù lẹ́yìn owó ṣọ́ọ̀bù kò ra ju agolo ọ̀dà méjì lọ. Ó san owó fún obìnrin olùkọ́ náà láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì. Òun àti onígbàjámọ̀ nìkan ló lè ra tiwọn; wọ́n wó mẹ́ta yòókù lóṣù tó tẹ̀ lé e, ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́ sì gbé tábìlì rẹ̀ wá sábẹ́ àtíbàbà Ọ̀gá Búrọ́ọ̀ṣì. Èrè ọdọọdún tó ti gbárajọ náà jáde nígbà tó yá, àfi ti ọdún méjì àkọ́kọ́, tí wọ́n ní ó ti kọjá àkókò, ó ti padà sọ́dọ̀ ilé iṣẹ́. Ó gbé èyí tó rí gbà fún ìyàwó rẹ̀, ó ní owó ogójì ọkọ rẹ̀ nìyẹn.

Ó kọ pátákó tuntun fún Ìyá Oníbúrẹ́dì láì gba kọ́bọ̀, ó sì gba igun tábìlì náà lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n fi ayùn gé e. Ó gbé e kọ́ sínú ṣọ́ọ̀bù, ó da ojú rẹ̀ kọ ògiri kí ẹni tó bá wọlé má baà rí i kọ.

Ìpín díẹ̀ ṣẹ́kù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Ọjà náà kì í gba èyí tí kò bá pé ọgọ́rùn-ún, nítorí náà alágbàtà ta ẹgbẹ̀rún mẹ́tàlá, ogójì sì dúró sórúkọ rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìwé ìpàdé àwọn onípìn-ín tún dé. Ó wọ aṣọ tó dára jù, ó lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé ńlá tí wọ́n ń buwọ́ lù. Ó gbé àga fún bàbá. Bàbá ní kó má ṣèyọnu. Ó buwọ́ lù ú lórí ìdúró, ìrù rẹ̀ àti àmì róbótó rẹ̀ méjèèjì, ó sì lọ jókòó ní ìlà kejì. Ó yí ìwé ìṣirò ọdún náà wo ẹ̀yìn rẹ̀. Àlàfo náà tún ti fẹ̀. Nígbà tí alága béèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀, ó na ọwọ́.